Èyí Kì Í Ṣe Oògùn

Ìyá Alààyè ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí orúkọ. Òun ló ń ka ààyè. Ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń lọ ewé gbígbẹ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń rọ kòkòrò rere sínú kápúsù lókè. Kòkòrò yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Irú èyí tó ń mú kí wàrà di kíkan ni, wọ́n sì ní ó ń báni tún inú ṣe. Ẹni tó bá ra agolo kan, ààyè ló sanwó fún. Bí wọ́n bá ti kú sínú kápúsù, ìyẹ̀fun lásán lonítọ̀hún gbé mì.

Nísàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ewé, níbi tí ìyẹ̀fun ti ń wọni nímú wọni lọ́fun títí oúnjẹ alẹ́ á fi máa korò lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti máa wí, pé ewé kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ó mọ̀ pé irọ́ gbuu ni. Ó ti rí òṣìṣẹ́ tó bu ìyẹ̀fun kan lá láti fi ṣe akọ, tó wá fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ilé ìgbẹ́ di yàrá.

Lókè ni iṣẹ́ ti wá dùn mọ́ ọn. Láràárọ̀, á já kápúsù mẹ́wàá sínú omi iyọ̀, á pò ó, á fi díẹ̀ ra ojú àwo ike pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò ti dì sínú rẹ̀, á wá kó àwọn àwo náà sínú àpótí amóoru. Lọ́jọ́ kẹta, àmì funfun wínníwínní á ti yọ lójú àwo. Àmì kan, ààyè kan. Á mú bírò, á máa tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń ka ọmọ iléèwé. Bí iye wọn kò bá pé èyí tí wọ́n kọ sára agolo, ó lè ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, ọ̀gá kò sì jẹ́ bá a jiyàn. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kà á. Ó mọ ìrísí wọn, ó mọ òórùn wọn tó kan díẹ̀, ó sì máa ń fi wọ́n yangàn bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Lára agolo kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àwòrán ewé tútù, gbólóhùn kan wà tí òfin ní kí wọ́n kọ síbẹ̀: Àfikún oúnjẹ ni èyí. Èyí kì í ṣe oògùn. Ó ti ka gbólóhùn yìí títí kò fi nílò ojú láti kà á mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gàgàrà tó máa ń ṣàwàdà láì rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó pé ọgọ́ta, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọsibítù ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ láyà, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa oògùn sí i lára. Oògùn náà ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń pa àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbèjà ara pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀.

“Màmá, ohun tí kò bá jinná, ẹ má fún wọn jẹ. Ewé o, àgúnmu o, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ bi wá. Ṣé oògùn mìíràn wà tí wọ́n ń lò nílé?”

“Rárá o, nọ́ọ̀sì. Kò sí oògùn kankan.”

Kò purọ́. Agolo wà nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n agolo ti sọ tẹnu ara rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì débi tó fi ba àárín òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jẹ́. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà, obìnrin tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ bí ojú. Ó gbé ìgò omi ewé kan wá, ó ní òun fúnra òun ló sè é, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó dúpẹ́. Bí àlejò ṣe jáde, ó lọ dà á sínú síńkì. Àṣé àlejò gbàgbé agbòjò rẹ̀. Ó padà wọlé, ó bá omi ewé níbi tó ti ń ṣàn lọ.

“Ìyàwó, ṣé èmi fẹ́ pa àbúrò mi ni?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọsibítù ni wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ lò ó.”

“Ọsibítù.” Ó mú agbòjò rẹ̀. “Ó dáa.”

Ó pẹ́ kó tó tún tẹ ilé wọn. Ká má fi èké ṣe é, ohun tí ìyàwó ṣe tọ̀nà, nítorí ewé mìíràn wà tó ń bá oògùn ọsibítù jà. Ibi tó ti tọ̀nà yìí ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí ọkọ lè jẹun mọ́, egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyá Alààyè ṣa agolo tí ààyè rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tó kà lóṣù náà. Kápúsù méjì láràárọ̀. Nítorí pé ọ̀fun ń dun ọkọ, á já a, á fi ìka po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, á fún un mu, lẹ́yìn náà á tún báńdéèjì àyà rẹ̀ ṣe.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò,” ọkọ á kí ife náà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ilé jẹ́.”

Inú rẹ̀ sì tòrò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jẹun. Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ara rẹ̀ gbóná lójijì, ó ń gbọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì so oògùn mọ́ ọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú, ìyàwó já kápúsù méjì sínú ife. Ó ní kí ara rẹ̀ lè lókun.

Títí di ọjọ́ kẹta, ibà kò rọ̀. Dókítà, ọmọdébìnrin kan tí oorun ti wọ̀ lójú, dúró tì wọ́n.

“Nǹkan kan hù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí a kì í sábàá rí. A kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ló bọ́ sínú àwo wa. Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí oògùn tí wọ́n ń lò nílé?”

“Kò sí,” ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo yẹn ti gún un láyà. “Ẹ jẹ́ kí n rí àwo náà. Iṣẹ́ àwo lèmi náà ń ṣe.”

Ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò nísàlẹ̀ ọsibítù kọ́kọ́ kọ̀, kó tó wá ṣí i fún un bí oníṣẹ́ sí oníṣẹ́. Àmì funfun wínníwínní, roboto. Òórùn tó kan díẹ̀. Ó ti ka méjìdínlógún kó tó mọ̀ pé òun ń kà.

Kò sí ẹni tó fura sí i. Bó bá pa ẹnu mọ́, jẹjẹrẹ ni gbogbo ayé á di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ lókè.

“Tèmi ni,” ó wí.

“Kí ni tiyín, mà?”

Ó yọ agolo nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ọkùnrin náà kà á, ó yí i padà, ó tún un kà.

“Wọ́n ní kì í ṣe oògùn,” ìyàwó ní. “Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.”

Àṣé oògùn tí wọ́n ti ń fà sí i lára láti ọjọ́ mẹ́ta, irú kòkòrò yìí kì í tilẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kíá, wọ́n yọ rọ́bà àyà, nítorí ojú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun ìka ìyàwó lè ti gbà dé inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sójà mọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ lajú, ó wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Àwọn àlejò wa dà? O ò tíì fún mi lónìí.”

“Wọ́n ti lọ, bàbá ọmọ mi.”

“Láìdágbére?”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè é ní Ìyá Alààyè, kì í dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ wá sílé, ó jókòó ní pálọ̀, ó dojú kọ àga kan tí àbúrò rẹ̀ kò tíì kàn tán. Ó ti sunkún títí ohùn fi há.

“Ìyàwó, kí ni wọ́n ní ó pa á?”

Jẹjẹrẹ lọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo àwọn tó ń báni kẹ́dùn, ó sì rọrùn láti sọ. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó rò ó látòkèdélẹ̀, láti orí agolo títí dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, títí kan kápúsù méjì tó já sínú ife ní ọsibítù. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga náà.

“Tèmi tí mo sè, tó jinná, o dà á nù níṣojú mi,” ó wí. “Ta ni ì bá bá wa da tìrẹ nù?”