Idà Tí Yasotaro Kì Í Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Yasotaro ní ojo, ẹ gbẹ́nu yín sọ́hùn-ún jàre. Èmi Otatsu ni mo fún un lọ́mú, èmi ni mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe ènìyàn rárá. Idà tó wà níbàdí rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ sámúráì, jagunjagun onídà nílé olóyè ìlú wa, ló gba idà náà lọ́wọ́ òkú kan lójú ogun. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé tí wọ́n bá ti fà á yọ, kì í padà sínú àkọ̀ àfi tó bá gé ẹran ara ènìyàn. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Lọ́jọ́ kan ó fà á yọ nínú ilé kó lè fi òróró nù ún, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ránṣọ. Yasotaro wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kékeré, ó ń wo bí idà ṣe ń fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ lọ, tí bàbá ń kígbe pé, "Dìde! Sá!" Ìyá rẹ̀ rò pé eré ni. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kúrò lára ẹní, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbànújẹ́ ló pa bàbá. Nígbà tọ́mọ dàgbà, Mizoguchi, ìríjú olóyè, pàṣẹ pé idà bàbá lọmọ gbọ́dọ̀ gbé. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó kọ̀? Ọmọ mi gbé e, ṣùgbọ́n ó fi okùn dì í mọ́ àkọ̀ gírígírí, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án mọ́.

"Ìyá Otatsu, idà yìí tún ń kùn," á sọ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, á sì ti abọ́ ìrẹsì sẹ́yìn.

"Fẹ́yàwó, ọkàn rẹ á balẹ̀."

"Ta ni kí n fẹ́ wá sínú ilé tí eléyìí wà?"

Mo tún ti abọ́ ìrẹsì náà sún mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀, sámúráì kì í rìn láìfọwọ́ kan idà rẹ̀ nílùú wa. Tí sámúráì méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró, kálukú á di idà rẹ̀ mọ́ra kí ìdí àkọ̀ má baà gbá ti ẹnì kejì. Àkọ̀ tó bá gbá àkọ̀, èébú ni, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi ń fọ èébú. Yasotaro kì í fọwọ́ kan tirẹ̀, àkọ̀ rẹ̀ á yọ síta lẹ́yìn. Mo sọ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, a ń bọ̀ látọjà, mo gbé rádíṣì, gbòǹgbò funfun tí a fi ń se ọbẹ̀, tẹ̀ lé e. Lórí afárá tóóró kan, láàárín èrò ọjà, la ti pàdé Gunpei, sámúráì kan tó fẹ́ràn ìjà bí ajá ṣe fẹ́ràn egungun. Àkọ̀ gbá àkọ̀. Gunpei yíjú padà.

"Èmi lo gbá yẹn?"

Yasotaro kúnlẹ̀ sínú yìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe ni."

"Ẹ wá wò ó o! Ó so idà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ṣé ó máa ń jẹ koríko?"

"Ọ̀gá, ó ti bẹ̀ yín," ni mo wí. "Ẹ máa lọ sílé yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Màmá, ẹ gbé rádíṣì yín kúrò lójú mi." Ó yọ idà tirẹ̀, ó gé okùn yẹn já, ó wá gbé idà sókè láti bẹ́ ọmọ mi lórí.

Yasotaro fà á yọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi gbá a, idà Gunpei fò sínú odò. Ọ̀gbẹ́ni bá ṣubú lulẹ̀, ó ń ké pé, "Mo bẹ̀ ọ́, dákun!" Tó bá pa á, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń fi gbogbo agbára fa idà sẹ́yìn.

"Ẹ sá! Gbogbo yín, ẹ sá! Ìyá mi, ẹ sá!"

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sọ rádíṣì kalẹ̀. Idà yẹn kúrò lára Gunpei, ó yí sọ́dọ̀ mi, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń wá ọrùn mi. Ni Yasotaro bá gbé e sọ́wọ́ òsì, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sórí igi afárá, ó gé àtàǹpàkò ara rẹ̀ jù nù.

Mo figbe ta. Ó rọra ti idà bọ àkọ̀, idà náà sì wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ó ti dákẹ́, Ìyá," ló wí, ẹ̀rín àti omijé pọ̀ lójú rẹ̀.

Wọ́n mú wa lọ sílé Mizoguchi kí Yasotaro lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìríjú wo ọwọ́ tí mo fi gèlè mi dì.

"Ẹni tí kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún kò lè di idà mú. Fi idà sílẹ̀, kó o máa lọ."

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ìtìjú wo? Ọmọ mi ti bọ́.

"Bàbá, ẹ dákun," Yasotaro dọ̀bálẹ̀, "ẹ má fà á yọ láéláé."

"Ìwọ lẹ̀rù ń bà. Bí bàbá rẹ náà ṣe ya ojo nìyẹn." Mizoguchi fa idà yọ, ó ń wo bó ṣe ń dán.

Bí Ofuji ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe gbé tíì wọlé nìyẹn. Idà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìríjú, ojú rẹ̀ ràn. Ọmọbìnrin náà dúró, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Yasotaro dìde. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní rárá, rárá, o ti ṣe tìrẹ. Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò, ó lọ kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí ẹní.

"Ẹ fún idà lèyí, Bàbá," ló wí.