Màmá Tó Ń Bá Mi Di Ọ̀rọ̀ Mú

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣe tíṣà ní Ìpara, n kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti parí, inú yàrá mi ni mò ń wọ̀, èmi àti ìwé kékeré kan. Mo ti bá ara mi pinnu pé ojú ewé kan lójúmọ́ ni màá máa kọ, bó dùn, bó kan, torí ẹni tó bá fẹ́ di òǹkọ̀wé kì í dúró de ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Bí mo bá ti mú báírò báyìí, gbogbo ohun tó wà lórí mi á fò lọ. Ìdánìkanwà nìkan ló máa ń ṣẹ́kù, mo sì ti kọ ìyẹn títí ó fi sú mi.

Ìdí obì ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Opó ni màmá onílé mi, àwọn nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Wọ́n máa ń rẹ gbàǹja sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, èmi náà á jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, a ó jọ máa bó o. Ọwọ́ mi tutù, kò ṣeé fi mú ìwé, àsìkò yẹn gan-an sì ni èrò á máa ya lù mí. Lọ́jọ́ kan mo sọ èrò kan jáde lẹ́nu, mo sì fi ṣàwàdà pé: "Màmá, ẹ bá mi mú èyí dání o."

Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú gbàǹja kan sọ́tọ̀ sétí ẹní. Nígbà tí oòrùn rọ̀ tí mo ti nu ọwọ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ mi padà fún mi.

Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn fún nǹkan bí ọdún méjì. Èdè Rẹ́mọ ni wọ́n ń sọ, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí èmi ará Ọ̀yọ́ lè gbọ́. Nígbà míì, ohun tí mo gbé fún wọn kọ́ ni wọ́n ń gbé padà. Lọ́jọ́ kan mo sọ pé aago ilé ìwé, àwọn tó ti dé nìkan ló ń dún fún. Màmá ní: "Ẹni tó pẹ́ ló ń gbọ́ aago jù, tíṣà." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo pè é ní tèmi. Inú mi dùn débi pé n kò dúpẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi lọ sí Ṣàgámù. Mo rí iná mànàmáná, mo rí tábìlì gidi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko, n kò rí ìlà kan kọ. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpara lọ́jọ́ Sátidé kan. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ ni mo lọ wá, kì í ṣe Màmá.

Ìdí obì náà ni mo bá wọn, àwọn nìkan. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n béèrè bóyá mo ṣì ń kọ̀wé. Mo fi ìwé náà hàn wọ́n.

"Ti ọmọ mi tó kú, tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́ òjò yẹn, ó wà níbẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Mà."

Ojú wọn tàn. Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n sún àpótí mọ́ mi.

"Kà á fún mi. Mo ti ń gbàgbé, tíṣà."

Mo ṣí ìwé. Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Bóyá ọkùnrin ni ọmọ náà, bóyá obìnrin ni, n kò rántí.