Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá

Ọdún kejì tí ilẹ̀ ya lù mí nínú kòtò wúrà ní Itagunmodi ni mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Àwọn ọmọ tí a jọ ń kọ́ ọ ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. N kò bínú. Ẹni tí yẹ̀pẹ̀ ti bò dé àyà, tí wọ́n sì hú jáde láàyè, kò ní ráyè ìtìjú kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan ni mo máa ń jókòó sí.

Àbúrò mi ọkùnrin kò fi kòtò sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fẹ́ wa tuntun, onímítà márùn-ún. Mo ní kó máa dúró ní mítà kọ̀ọ̀kan, kó to igi mọ́ ògiri kòtò kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ ibẹ̀. Ó kọ̀, nítorí igi títò a máa jẹ odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ní kí n to igi, mo gbà.”

Mo bá jókòó, mo kọ ètò ìṣirò kan sínú ẹ̀rọ. Ọ̀pá oparun tí a fín ìlà sí lára ni a fi ń wọn kòtò ní Itagunmodi. Ìlà kan sí èkejì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà kan. Bí ọ̀pá náà ṣe ń kà ni mo ní kí ẹ̀rọ kà: kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó máa fi ìlà kọ̀ọ̀kan kún un, nígbàkígbà tí mítà kan bá sì pé gẹ́lẹ́, kó kọ ọ́ jáde pé DÚRÓ, TO IGI.

Ọjọ́ Sátidé ni àbúrò mi wá sí kíláàsì wa láti gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ó kà á lórí ìdúró, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wò ó! Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ‘dúró’ kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà pàápàá mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ le.”

Ó ti ń ká ìwé náà lọ sínú àpò. Mo já a gbà.

“Fi sílẹ̀. Nǹkan kan kò tọ̀nà.”

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ ọ́? Ìgbà tí kò sọ ohun tí ẹ fẹ́ ló wá di irọ́?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo pe olùkọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ní Dàda Estate, tó mú èdè kọ̀ǹpútà tí a ń kọ́ bọ̀ láti yunifásítì. Ó ní kí ẹ̀rọ fi iye tó kà hàn wá ní ìlà kẹwàá. Ọ̀kan ló yẹ kó jẹ́. Òdo ló kọ, ó fi pọ́íńtì sí i, ó wá ń to ẹ̀sán tẹ̀lé ẹ̀sán. Nígbà tó dé mítà kejì, ó ti fi bíńtín kọjá méjì.

“Bàbá, òdo pọ́íńtì ọ̀kan lẹ kọ,” olùkọ́ ní. “Nínú èdè yìí, àfojúbù ni nọ́ńbà tó bá ní pọ́íńtì. Ẹ̀rọ máa ń pín nǹkan sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í bọ́ sí i dọ́gba, ló bá gé e níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú lè má rí ohun tó gé, ṣùgbọ́n gẹ́lẹ́ lẹ ní kó dúró dè. Gẹ́lẹ́ ò dé rí.”

“Kí ni kí n wá kọ?”

“Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè é lẹ́nu, ọ̀kan lórí mẹ́wàá. Á gbé ọ̀kan àti mẹ́wàá náà pa mọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní gé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí àfojúbù kan ṣoṣo bá bá wọn pàdé, gbogbo rẹ̀ di àfojúbù nìyẹn.”

Mo yẹ gbogbo ìlà wò. Òdo tí mo fi bẹ̀rẹ̀ pàápàá, mo ti fi pọ́íńtì sí i. Mo yọ ọ́ kúrò. A tún un ṣe. DÚRÓ jáde ní mítà kìíní, ó jáde ní ìkejì, títí dé ìkarùn-ún.

Àbúrò mi kà á, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ti àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?”

“Mo ti fà á ya.”

“Ìgbà márùn-ún! Ṣé ilé lẹ fẹ́ kí n kọ́ sínú ilẹ̀ ni?”

“Ilé ni. Èèyàn ló máa wà nínú rẹ̀.”

Ó na ìwé náà sí mi. “Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́, àbí ẹ̀yin?”

“Èmi ni mo sọ ọ́. Ó kàn bá mi kà á láì gé e ni.”

Ó pòṣé. “Ẹ̀yin náà lẹ máa bá mi ra igi nìyẹn.”

A wọ ọkọ̀ Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ilé ìlagi, mo fọwọ́ ara mi lu igi kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀.