Ìyàwó Mi Ní Kí N Sọ fún Yín

Ìyàwó mi kì í bá rédíò jà láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Láàárọ̀, bí mo bá ń fi ọkọ̀ gbé e láti ilé wa ní McDonough, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marietta, ìkànnì tí mo fẹ́ràn là ń gbọ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lólè. Ọkùnrin náà á ní àwọn tó ń gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba ló ń ba ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́. Ìyàwó mi á rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, á sì dá a lóhùn.

"Irọ́ lẹ̀ ń pa o, sà. Ẹ wá bá mi ṣe shift kan péré, kẹ́ ẹ wá fojú ara yín rí wọn."

"Kò gbọ́ ẹ, Mọ́mì," èmi á wí.

"Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀yin náà sì gbọ́. Ẹni méjì ti tó."

Ọ̀nà náà jìn, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn yára dé, nítorí náà àríyànjiyàn wa máa ń rí àyè tó pọ̀. Lórí rédíò ọkọ̀ wa, bọ́tìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ tèmi. Orin ẹ̀mí ló wà lórí ìkejì, ìyẹn la ti jọ fẹnu kò lé lórí. Ìkẹta ṣófo. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ariwo ṣíìì lásán ló ń jáde. Mo fẹ́ fi ìròyìn eré bọ́ọ̀lù sí i nígbà kan, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ti àwọn èèyàn mi ni. Wọ́n ń bọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní líbẹ́rà níbí, àwọn tó gbà pé ó yẹ kí ìjọba bá aláìní gbé ẹrù. Nínú ìjọ wa, èébú ni ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń kàwé lọ́wọ́, wọn ò ráyè dá rédíò sílẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn tó ráyè ni wọ́n ń pariwo sí wa létí yìí.

Àìsàn kan tó ti mọ̀ dáadáa lára àwọn ẹlòmíràn ló wá mú òun náà lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn èèyàn rẹ̀ dé. Alàgbà kan tí a jọ máa ń dúró sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀ lẹ́yìn ìsìn ló mú ìròyìn náà wá.

"Ẹ ti gbọ́? Àwọn líbẹ́rà ti dá rédíò sílẹ̀. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ni ṣáá, láti àárọ̀ dalẹ́."

Mo bi í pé nọ́ńbà mélòó ló wà lórí rédíò.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ o. Wọ́n á kó yín sínú ààwẹ̀."

"Mọ́mì ló ń retí rẹ̀."

Alàgbà náà wo ilẹ̀. "Olóògbé," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tún kọ́là ẹ̀wù ẹlòmíràn ṣe. Lẹ́yìn náà ló sọ nọ́ńbà náà fún mi. Gbogbo èèyàn ló ti ń fi olóògbé ṣáájú orúkọ rẹ̀ nígbà náà, nínú àdúrà àti nínú ìkéde. Ẹnu tèmi kò tíì gbà á.

Mo fi ìkànnì náà sórí bọ́tìnnì kẹta, mo sì ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ohun tí mo rò nípa rẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ dára ju èyí tí mo ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń pe àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe obìnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn, ó ṣàlàyé bí àwọn kan ṣe ń pín oògùn wọn sí méjì kó má baà tètè tán. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lójú ọ̀nà Marietta, lẹ́nu ẹni tí òórùn tíì wà lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn, ó sì tún dà bíi pé ẹnì kan ti mú nǹkan wa láì tọrọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó parí. Ẹni tó bá pè wọ́n, ohun tí wọ́n ti sọ ni yóò tún sọ, wọn yóò sì yìn ín. Ó rí bí ìpàdé àdúrà tí gbogbo èèyàn ti ń ṣàmín kí ẹni tó ń gbàdúrà tó sọ ohun tó fẹ́. Mo ti rò pé bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá dé, ìjà wa á tún bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá sì dárúkọ àwọn tó ń gbọ́ ìkànnì mi àtijọ́, wọn kì í fi ọ̀wọ̀ sí i. Kò sí "sà" níbẹ̀ rárá.

Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ kan nípa ọkùnrin olóhùn líle yẹn. Ó ní níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá ń pariwo, wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi í pé níbo ló ń dùn ún ni. Ó ní ọkùnrin yìí ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹni tó bi í. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lórí ìkànnì tí ìyàwó mi dúró dè títí tí kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Hampton, mo pè wọ́n.

Wọ́n dá mi dúró lórí fóònù títí. Nígbà tí ó kàn mí, mo kọ́kọ́ kí obìnrin tó ń darí ètò náà. Mo ní, "Well done, ma. Well done for the work." Ó rín ẹ̀rín, ó ní kò sí ẹni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún òun láti àárọ̀. Mo wá ní, "My wife says," mo sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, bó ṣe máa ń sọ ọ́.

"Mo fẹ́ràn ìyàwó yín," ó wí. "Ṣé ó wà nítòsí? Ẹ gbé fóònù fún un."

Mo wo ìjókòó rẹ̀. Àpò ìrẹsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló wà níbẹ̀, mo ti fi bẹ́líìtì dì í, nítorí ọkọ̀ náà máa ń ké bí ohun tó wúwo bá jókòó síbẹ̀ láìdè é. Nínú èdè wa, "ó ní" kò bèèrè bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣì wà láyé. Àná ni o, òní ni o, ó ní náà ni. Èdè Òyìnbó ló ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré, "said", ni ǹ bá sì fi tún un ṣe.

"Kò lè wá," mo ní. "Èmi ló rán."

"Ẹ bá mi kí i nígbà náà. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́."

Lórí rédíò ọkọ̀, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́yìn mi ń bínú sí gómìnà. Obìnrin náà bi í pé, "Níbo ló ń dùn yín?" Ọkùnrin náà ní, "Kí ni?" ó sì ń bá ariwo rẹ̀ lọ.

Fóònù mi dún. Ọmọ wa obìnrin ni, ó ń pè láti ọ́fíìsì rẹ̀.

"Dádì! Ẹ̀yin nìyẹn! Well done, well done. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò?" Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ní 'says'."

"Mo mọ̀. Àṣìṣe ni."

"Ẹ má tún un ṣe."

Ibí ni wọ́n bí i sí, ohùn Yorùbá rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ó gbé e jáde.

"Mọ́mì ní kí n bi yín. Níbo ló ń dún yín?"

Ó fẹ́ sọ pé dùn. Rédíò ṣì ń dún lóòótọ́, ọkùnrin yẹn ṣì ń pariwo. Mo pa rédíò, mo sì dá ọmọ mi lóhùn.