Bí Màámi Ṣe Kó Ìgbín Kúrò Nínú Táńkì Ẹja Mi

Èmi fúnra mi ni mo ṣe táńkì ẹja tó wà ní pálọ̀ wa ní Okota. Mo ra gíláàsì, mo gé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sí i. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Ṣógúnlé, kò sì sí ohun tó ń lo iná tí mo ń bẹ̀rù. Ẹja pupa mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, kó tó kí mi ló ti máa ń lọ dúró níwájú wọn, inú mi a sì máa dùn bíi pé èmi ni mo bí wọn.

Ọdún tí Màámi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ni ìgbín wọ inú táńkì náà. Màámi ti ṣubú lẹ́yìnkùlé wọn ní abúlé wa lọ́nà Òdèdá, odidi òwúrọ̀ kan ni wọ́n sì fi wà nílẹ̀ kí aládùúgbò tó rí wọn. Mo ní mi ò gbọ́, wọn ò ní dá gbé mọ́. Ṣùgbọ́n Èkó ò bá wọn lára mu. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ abọ́, èmi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Orí àga kan níwájú táńkì ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọkọ mi, dá mi padà sílé. Ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni mo dà níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Àbúrò mi tó ń gbé ní Èjìgbò ní òun á wá fi mọ́tò gbé wọn padà sí abúlé ní Sátidé tó parí oṣù. Mo bá a jà lórí fóònù, ṣùgbọ́n Màámi fúnra wọn ti gbà.

Inú ewéko tí mo rà láti fi ṣe táńkì lọ́ṣọ̀ọ́ ni ìgbín náà ti wọlé. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo tilẹ̀ pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti bo gíláàsì, wọ́n bo òkúta, wọ́n ń jẹ ewéko, ẹyin wọn sì lẹ̀ káàkiri bí ikun. Bí mo ṣe ń fọwọ́ ṣà wọ́n ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìyàwó mi ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ewéko fún mi. Èmi kẹ̀? Èmi tí gbogbo Ṣógúnlé ń gbé fíríìjì wá bá, ṣé ìgbín ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́?

Mo rò ó, mo ní ṣebí álọ́ọ̀mù la fi ń fọ ìgbín kó tó wọ ìkòkò, òun náà la sì ń dà sínú omi kànga kó lè mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Mo gún álọ́ọ̀mù, mo dà á sínú táńkì.

Màámi wà lórí àga wọn. Wọ́n ní, "Kí lo dà síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ máa wò ó, Màámi. Ó ti parí."

Lóòótọ́, díẹ̀ ló kù kó parí. Kí n tó jẹun tán, àwọn ẹja ti gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu. Mo sáré kó wọn sínú báàfù omi mìíràn, síbẹ̀ mẹ́ta kú. Àwọn ìgbín ń bẹ níbẹ̀ ní tiwọn, inú ìkarahun ni wọ́n kàn sá wọ̀. Nígbà tí mo pààrọ̀ omi, wọ́n tún yọrí. Ojú tì mí gan-an.

Màámi ò bú mi. Wọ́n ní, "A kì í fi ìbínú lé ìgbín. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ra ìbẹ́pẹ wá fún mi lọ́la." Mo fẹ́ jiyàn, ìyàwó mi fi ojú bá mi wí.

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ohun tí Màámi ti ń rí látorí àga yẹn. Wọ́n ní búrẹ́dì tí mò ń rún sómi fún ẹja ti pọ̀ jù, ìdajì rẹ̀ ló ń rì sísàlẹ̀, òun ni ìgbín ń jẹ tí wọ́n fi ń bí sí i. Wọ́n ní ìgbín kì í rìn dáadáa nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́lẹ̀ kedere, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Oṣù mélòó lèmi ti ń dúró síwájú táńkì yẹn? Ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ ara mi nìkan ni mò ń wò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, wọ́n bó ìbẹ́pẹ, wọ́n jẹ inú rẹ̀, wọ́n fi òwú so èèpo mọ́ ṣíbí kó lè rì, wọ́n rọra sọ ọ́ sómi. Wọ́n wá mú ìró kan tó ti gbó, wọ́n fi bo táńkì kó lè ṣókùnkùn.

"Báyìí la ṣe ń kó ìgbín nígbà tí mò ń tà á," wọ́n ní. "A ó da èèpo ìbẹ́pẹ sábẹ́ igi kòkó lẹ́yìn òjò, a ó lọ jókòó. Ìgbín fúnra ẹ̀ ló máa wá."

Ìgbín yẹn ló rán mi nílé ìwé, mi ò sì fìgbà kan béèrè rí bí wọ́n ṣe ń rí i kó.

Nígbà tí mọ̀gàríbà kù díẹ̀, wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n fa òwú. Èèpo náà ti dúdú fún ìgbín. Mo pariwo. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Màámi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Wọ́n ní kí n kó ìgbín náà fún pẹ́pẹ́yẹ lándílọ́ọ̀dù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi pátápátá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí èèpo fi ń jáde pẹ̀lú ìgbín kan tàbí méjì péré. Ẹnu mi ò gbélé. Kò sí oníbàárà tó gbé fíríìjì wá, kò sí ará ilé wa, tí mi ò ròyìn Màámi fún.

Sátidé pé, àbúrò mi dé. Ó ti gbé àpò Màámi dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń gbé nísàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Òun náà ní táńkì ẹja.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Grandma ńkọ́? Ìgbín ti gba táńkì mi o, I no know wetin to do again."

Màámi dìde. "Ṣé ìbẹ́pẹ wà nílé?"

"Mo ti rà á, mà."

Àbúrò mi ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú."

"Máa lọ. Bí o bá dé ọ̀hún, bá mi kí wọn."

Ó yíjú sí mi, inú ń bí i. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti sọ Màámi di òṣìṣẹ́!"

Màámi ò jẹ́ kí n dáhùn. Wọ́n ní, "Òṣìṣẹ́ ni mí kí n tó bí ẹ. Ìjókòó ló fẹ́ pa mí."

Wọ́n mú ṣíbí àti òwú, wọ́n forí lé àtẹ̀gùn. Àbúrò mi fẹ́ sáré lọ dì wọ́n mú, mo fọwọ́ dá a dúró. Omijé dé ojú mi, mi ò nù ún. Nọ́ọ̀sì ń bá wọn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, Màámi sì ń dá a lóhùn bíi tíṣà. Orí mi wú.

"Ìyá mi nìyẹn," ni mo sọ fún àbúrò mi, àfi bíi pé wọn kì í ṣe ìyá tòun náà.