Ìyálé Mi, Ọwọ́ Yín Mọ́

Ó dìgbà o, ìyálé mi, ó dìgbà tí n kò mọ. Ilé ńlá wó lé wa lórí, a sì ń kí ara wa kú ìnáwó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé yín dé láti ọsibítù ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé kí n má sunkún, pé ẹ dàgbà, ẹ rí ọmọ, ẹ rí ọmọ-ọmọ, pé òkú àgbà kì í ṣe òkú ẹkún. Mo gbọ́ wọn, mo sì kí wọn kú aájò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ kó máa ṣe é lọ. Èmi ń sunkún tèmi.

Ṣadé, ọmọ yín kan ṣoṣo, ló ti Ìbàdàn dé tó ní èmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí. Àwọn kan nínú ẹbí ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo ìyàwó ilé, ṣé èmi nìkan ló mọ̀wé ni? Mo mọ ohun tó wà nínú wọn, gbogbo ẹni tó mọ agbo ilé wa ní Ṣágámù náà sì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín ni àkọ́bí mi kú sí. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gbà láti kọ ọ́.

Ìyálé mi, ìyá àwọn ọmọ ọlọ́mọ! Nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ọ̀dọ́mọdé tíṣà tí kò mọ̀ ju pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lọ ni mí. Ẹ̀yin lẹ fi ojú ilé hàn mí, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ẹni tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àti ẹni tí mo lè kí ní ìdúró. Olóbì pàtàkì ni yín. Bí àwọn Haúsá oníṣòwò bá ti Sábó wá, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà, nítorí wọ́n mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ obì tí Ìyá Ṣadé bá fi ewé dì, ohun tó wà lókè rẹ̀ náà ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ sì ti ń bó obì lọ́wọ́, ọmọ kan á wà lẹ́yìn yín, òmíràn á di ìró yín mú. Kò sí ọmọ tí a bí sí agbo ilé yìí tí kò sùn lẹ́yìn yín. Àwọn ọkùnrin inú wọn, "ọkọ mi" ni ẹ̀ ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bí Dípọ̀, ẹ ní, "Ìyàwó, máa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kí o fi ọkọ mi kékeré sílẹ̀ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi í sílẹ̀ fún yín láràárọ̀. Ó ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó ti ń pe gbogbo ohun tó bá rí ní "bàbá". Àsìkò obì ni, gbánja kún ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jókòó, ẹ̀ ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀, òun náà jókòó tì yín, ó ń ṣeré. Oníbàárà kan kí yín, ẹ yíjú láti dá a lóhùn. Kí ẹ tó yíjú padà, ọmọ ti fi awẹ́ obì kan sẹ́nu, ó ti há a lọ́fun. Ẹ gbá a lẹ́yìn, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi ìka wá obì náà lọ́fun rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ẹ sì gbé e sáré sójú títì láìwọ bàtà, láìwé gèlè. Kí ọkọ̀ kan tó dúró, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n wá pè mí ní ilé ẹ̀kọ́, mo sì bá yín ní ìjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Obì tí à ń fi tọrọ ẹ̀mí gígùn ló pa ọmọ mi. Mi ò tíì rí àgbà tàbí àlùfáà tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Àwọn ọkùnrin ilé gbé e lọ sin, wọn kò sì fi ibẹ̀ hàn mí, bí ìṣe wa. Mo fẹ́ bínú sí yín. Mo fẹ́ kí n rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ojú yín, ìbínú náà kì í rí ibi jókòó. Ẹ̀yin lẹ bínú sí ara yín. Ẹ ti yàrá obì pa, kòkòrò wọ inú apẹ̀rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ jẹrà tán. Àwọn Haúsá dé, ẹ ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ wá gbé tábìlì kékeré kan síta, ẹ̀ ń ta ọṣẹ àti iyọ̀. Ẹ rù títí aṣọ fi di ńlá sí yín lára. Bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sí yín, ẹ ó kó ọwọ́ tiyín sábẹ́ itan, ẹ ó sì jókòó lé e. Ẹ ó ní, "Ẹ gbé e kúrò. Ọwọ́ mi ò mọ́." Mo ní ó mọ́. Baálé ní ó mọ́. Àlùfáà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ní ó mọ́. Ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀ yín létí.

Nígbà tí Ọlọ́run fún mi ní Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀yìnkùlé lẹ wà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ìsinmi ìbímọ mi parí. Ìyá mi ránṣẹ́ láti Ìrolú pé òun ń bọ̀ wá gbé ọmọ, ọkọ mi náà ní bẹ́ẹ̀ ló dára. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo gbé ọmọ, mo mú ọ̀já, mo wọ yàrá yín láìkanlẹ̀kùn. Ẹ rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ kọjú sógiri. Ẹ ní, "Ìyàwó, má ṣe èyí sí mi." Mo ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e pọ̀n yín, mà." Ẹ ní kí n jọ̀ọ́. Mo ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, mo ti ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e kọ́ yín lẹ́yìn, mo so ọ̀já. Ẹ dúró gbagidi, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ kọ̀ láti fi kàn án. Ọ̀já náà kò le tó, ọmọ yọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ yín kò dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ yín, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ìdí ọmọ ró. Mo yíjú, mo jáde.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ìṣirò tí mo kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ ló ń tún un ṣe fún mi. Nígbà tí mo délé, òòró ni mo bá yín, Rẹ̀mílẹ́kún ń sùn lẹ́yìn yín. Ẹ kò jókòó láti àárọ̀. Ìdúró lẹ fi fún un lóúnjẹ, ẹsẹ̀ yín ti wú. Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá jókòó, nǹkan á ṣe é. A jọ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá kanlẹ̀kùn mi, ẹ ní ọmọ dà.

Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ pọ̀n àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ kò ta obì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ padà ń rẹ́rìn-ín, ẹ padà ń bá àwọn ọkùnrin ilé ṣàwàdà. Kò sí oúnjẹ tí ẹ kì í fi ọwọ́ run kí ẹ tó fún ọmọ, títí kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Rẹ̀mílẹ́kún ti dé ìwé mẹ́rin, ẹ ṣì ń sọ fún un pé, "Yanu kí n wò ó." Àwọn ọmọ á máa fi yín ṣẹ̀rín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ mo rò pé ó ti tán nínú yín. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni rọpárọsẹ̀ dé, ó mú yín lápá kan, iyè yín sì ra. Ẹ pe Ṣadé ní ẹ̀gbọ́n yín. Èmi, ẹ pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán kan, mo ń fún yín ní ẹ̀kọ mímu, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìyé ọmọ yẹn." Ìyé ni àwọn àgbà Rẹ́mọ ń pe ìyá, ẹ kò sì fi ohùn ilé yín sílẹ̀ rí. Mo ní ọmọ wo. Ẹ ní, "Ọkọ mi kékeré. Wọn ò tíì sọ fún ìyé ẹ̀, ó wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọdún tí ẹ fi bá mi pọ̀n ọmọ, tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, létí títì yẹn lẹ ṣì jókòó sí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyé ẹ̀ ti gbọ́, mà. Ó ní òun ò bínú sí yín." Ẹ wò mí lójú títí. Ẹ ní, "Ó wí bẹ́ẹ̀?" Mo ní ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹ mi orí. Ẹ ní, "Kò lè wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń tàn mí kí n lè jẹun ni." Ẹ sì yíjú sí ògiri. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, mo pe orúkọ ara mi, mo pe ti Dípọ̀, ẹ kò yíjú padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ, ìyálé mi. Ẹ lọ láìgbà mí gbọ́, ìyẹn ló sì ń pa mí lẹ́kún.

Àlùfáà ní ẹ ti wà níbi tí kò sí àìsàn, pé ojú yín ti là, ẹ sì ti mọ gbogbo wa. Mi ò mọ̀. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, lójú ẹbí, lójú ọ̀rẹ́, lójú gbogbo ìjọ, kí ẹ má baà tún rò pé wọ́n ń tàn yín. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n ń pè mí káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n lónìí, nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rán mi. Èmi gan-an ni ìyá Dípọ̀, mi ò bínú sí yín, mi ò bínú rí. Ẹ sùn re o.