Ọjọ́ Tí Màmá Mi Wé Aṣọ Pupa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Alabar, àdúgbò kan ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa tó dídákẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí Kumasi, tí òbí yín jẹ́ Yorùbá, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Àkàrà àti ògì ni màmá mi ń tà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kóósè àti kókò. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé ẹ̀wà rírẹ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta láàárọ̀, kí n sì pọn omi kún àgbá. Omi ẹ̀rọ ìgbà yẹn mọ́ gaara, ó sì tutù débi pé eyín máa ń dùn wá bí a bá mu ún.

Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba nídìí ògì, ńṣe ni màmá mi á tẹjú mọ́ epo gbígbóná bí ẹni tí kò gbọ́ èdè Twi rárá. "Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́," ló máa ń wí fún wa. Ó ní ìdí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kó jáde. Bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Adum láàárín ìlú, kò sì fojú kàn án mọ́ títí ó fi kú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni màmá mi tó padà wá pẹ̀lú ọkọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ti tó ọmọ ọdún méje, àwọn obìnrin ọlọ́jà wọ́ bọ̀ láti ọjà Race Course. Wọ́n wé aṣọ pupa tí àwọn ará ibí fi ń ṣàmì ìbínú, wọ́n ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò nítorí oúnjẹ tó wọ́n. Ariwo náà dùn mọ́ mi ju àmpè tí àwa ọmọbìnrin ń fò lọ. Mo gbé ìdérí ìkòkò ògì, mo bá wọn lọ. Mo ń lù ú kíkankíkan, mi ò sì mọ ohun tí à ń bínú sí.

A kò tíì rìn jìnnà tí màmá mi fi gbá mi mú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ pàṣán ìgbà yẹn, mi ò ní í ṣàlàyé fún yín. Lẹ́yìn ẹkún, ó wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ onílé wa, bàbá àgbà Aṣante kan. Ó ní kí n kúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ó gbé obì síwájú bàbá náà kó má baà lé wa jáde.

"Nana, mepa wo kyɛw, ɔyɛ abofra." Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ni mí.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọbìnrin tirẹ̀ gan-an ló ṣíwájú àwọn tó ń lu ìdérí! Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àgbàlagbà.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù ti da odò rú, omi ẹ̀rọ wá ń pọ́n bí tíì. Ògì màmá mi, tó ṣì ń tà títí di òní, ti yí àwọ̀ padà, àwọn ọlọ́mọ kò sì rà á fún ọmọ wọn mọ́. Láìpẹ́ yìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adum níbi tí mo ti ń ta fóònù, mo gbọ́ ariwo ìwọ́de. Mo ń fa ilẹ̀kùn dé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo yọjú wo ìta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yéè! Màmá mi ni mo rí! Arúgbó tó lé ní àádọ́rin ọdún, ó wé aṣọ pupa lé orí híjáàbù, ó gbé ike omi pípọ́n náà sókè, àwọn ọ̀dọ́ yí i ká. Ọlọ́pàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú kóńdó. Mo sáré lọ di apá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Wọ́n á mú yín! A kì í ṣe ọmọ onílẹ̀."

"Adɛn? Kí ló dé? Wọ́n bí mi síbí, wọ́n bí ẹ síbí, wọ́n bí ọmọ ẹ síbí. Ọdún mélòó lèèyàn fi ń ṣe àlejò?"

Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò lápá rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Láyé ìgbà wa, àgbà ló máa ń fa ọmọ kúrò lójú títì. Lónìí, àwọn tí mo lè bí ń pariwo níta láìbojúwẹ̀yìn, ìyá mi wà láàárín wọn, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù tọ́ mi ti ju ìbẹ̀rù tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì rántí sọ fún mi.